Ṣé O Mọ̀? Erékùṣù Tí Àlejò Kò Gbọdọ̀ Tẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé ní gúúsù Iceland, erékùṣù kan wà tí arìnrìn-àjò afẹ́ kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀? Surtsey lorúkọ rẹ̀. Òkè ayọnáyèéfín ló gbé e jáde látinú òkun lọ́dún 1963. Nígbà tó di 1965, òfin ti dáàbò bò ó. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ díẹ̀ tó gbàṣẹ nìkan ló ń débẹ̀, láti wo bí koríko, kòkòrò àti ẹyẹ ṣe ń tẹ ilẹ̀ tuntun dó fúnra wọn. Òfin náà le, ó sì yẹ kó le. Tòmátì hù níbẹ̀ rí! Ẹnì kan ló yàgbẹ́ sáàárín àpáta, kóró tòmátì tó jẹ sì hù níbẹ̀. Kíá ni wọ́n fà á tu.