Ìdáríjì: Ẹnu Lè Ti Jì, Kí Ọkàn Má Tíì Jì

Nígbà tí àwọn àgbà bá jókòó láti parí ìjà láàárín mọ̀lẹ́bí, ẹni tí ó ṣẹ̀ yóò dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀. Wọn yóò ní kí ẹni tí a ṣẹ̀ fọwọ́ wọ́nú, òun náà yóò sì dáhùn pé òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ó bá ku òun nìkan lórí ibùsùn, ọ̀rọ̀ náà lè tún ru sókè bí ẹni pé àná ni ó ṣẹlẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ti ń ṣe ìwádìí lé lórí láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ọ̀kan lára àwọn aṣáájú wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Enright ti Yunifásítì Wisconsin ní ìlú Madison, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọdún 1985.

Ohun tí ìkùnsínú ń ṣe sí ara

Ní ọdún 2001, Charlotte Witvliet àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hope College, ní Ìpínlẹ̀ Michigan, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 71 ronú nípa ẹni tí ó ṣẹ̀ wọ́n ní tòótọ́. Ní ìgbà kan, wọn á ro bí ọ̀rọ̀ náà ti dùn wọ́n tó àti bí wọ́n ṣe dì í sínú. Ní ìgbà mìíràn, wọn á ro bí wọn ì bá ṣe dárí jì í. Nígbà tí wọ́n ń ro ti ìkùnsínú, ọkàn wọn yára lù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ga sí i, òógùn mú wọn, iṣan iwájú orí wọn sì fún pọ̀. Nígbà tí ó kan ti ìdáríjì, ara wọn balẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ìkùnsínú nìkan ni ó ń fa àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìdáríjì kò sì lè rọ́pò oògùn tí dókítà kọ fún aláìsàn. Ohun tí ó fi hàn ni pé ara a máa gba ìpín tirẹ̀ nínú ohun tí ọkàn ń rò.

Ọ̀nà méjì ni ìdáríjì pín sí

Ọ̀jọ̀gbọ́n Everett Worthington ti Virginia Commonwealth University pín ìdáríjì sí ọ̀nà méjì. Èkínní ni ti ìpinnu: ènìyàn pinnu pé òun kò ní gbẹ̀san. Èkejì ni ti ọkàn: ìbínú ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àánú sì ń gba ipò rẹ̀. Ìpinnu lè wáyé lójú ẹsẹ̀. Ti ọkàn a máa pẹ́.

Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti bá Worthington. Ní àkókò ọdún tuntun 1996, olè fọ́ ilé ìyá rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Tennessee, ó sì pa ìyá náà. Worthington jẹ́wọ́ ní gbangba pé ohun tí ó kọ́kọ́ sọ sí òun lọ́kàn ni pé kí òun fi igi lu apànìyàn náà pa. Lẹ́yìn náà ni ó wá lo ìgbésẹ̀ márùn-ún tí ó fi ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn:

- kí ènìyàn rántí ohun tí ó dùn ún, láìsí àbùmọ́;
- kí ó gbìyànjú láti mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́;
- kí ó fi ìdáríjì ta á lọ́rẹ, bí a ti ṣe dárí ji òun náà rí;
- kí ó sọ ọ́ jáde tàbí kí ó kọ ọ́ sílẹ̀;
- kí ó dì í mú nígbà tí ìbínú bá tún padà dé.

Ní ọdún 2024, ìwé àtìgbàdégbà BMJ Public Health gbé àbájáde ìwádìí lórí ìlànà yìí jáde. Ó lé ní 4,500 ènìyàn tí ó kópa ní Colombia, Hong Kong, Indonesia, South Africa àti Ukraine. Ìkùnsínú, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn dínkù lára àwọn tí wọ́n lo ìwé ìlànà náà.

Ohun tí kì í ṣe ìdáríjì

Láti ọdún 1726 ni Joseph Butler, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí ìwà ìrẹ́jẹ bí ènìyàn nínú. Àṣejù àti ẹ̀san ni ó burú. Àwọn onímọ̀ òde òní náà sọ pé ìdáríjì yàtọ̀ sí ìlàjà. Ẹnì kan ṣoṣo lè dárí jini, ṣùgbọ́n ẹni méjì ni ó ń rẹ́. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù lè dárí jì í láìpadà sí ilé tí ewu wà. Ìdáríjì kò sì ní kí ó má fi ẹjọ́ sùn, nítorí òfin àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2015 lórí ìwà ipá ka irú ìlù bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Òótọ́ ni. Àmọ́ kò yẹ kí a pe ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣì ń dùn ní olóríkunkun. Ó yẹ kí àwọn tí wọ́n parí ìjà tún padà lọ bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n bi í bí ọkàn rẹ̀ ti rí. Bí kò bá rí oorun sùn tàbí tí oúnjẹ kò wù ú mọ́, kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn.