Èdè-Ìperí Yorùbá nínú Ẹ̀kọ́ àti Ìwádìí lórí Ìtọ́jú Iṣan Ìsàlẹ̀ Ìbàdí Obìnrin

Àwọn iṣan kan wà ní ìsàlẹ̀ egungun ìbàdí tí wọ́n tẹ́ bí ẹní, láti iwájú abẹ́ títí dé ìparí ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn ni wọ́n gbé àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ìfun ìsàlẹ̀ ró. Àwọn náà ni wọ́n ń bá ni pa ojú ọ̀nà ìtọ̀ àti ti ìgbẹ́ dé. Oyún, ìbímọ, ọjọ́ orí àti ikọ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀ lè sọ wọ́n di aláìlágbára. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ lè máa jò nígbà tí obìnrin bá sín tàbí tí ó bá rẹ́rìn-ín, ilé ọmọ sì lè sọ̀kalẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé iṣẹ́ èdè ni apá pàtàkì kan nínú ìtọ́jú yìí, àti pé bí àwọn onímọ̀ Yorùbá kò bá dá sí i, àṣìgbọ́ ọ̀rọ̀ yóò máa bí àṣìṣe ìtọ́jú.

Ní ọdún 1948, Arnold Kegel, oníṣègùn àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí jáde lórí bí a ṣe lè fi eré ìdárayá dá agbára àwọn iṣan yìí padà. Kò fi ẹnu nìkan kọ́ àwọn aláìsàn rẹ̀. Ó lo ẹ̀rọ kan, perineometer, tí ó ń jẹ́ kí obìnrin fi ojú ara rẹ̀ rí bí iṣan náà ṣe ń fún pọ̀ tó. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì hàn kedere ní 1991, nígbà tí Richard Bump àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣókí kọ́ obìnrin 47 ní eré náà. Àwọn 23 péré ni wọ́n ṣe é bí ó ti yẹ; àwọn 12 ń ṣe é lọ́nà tí ó tilẹ̀ lè fa jíjò ìtọ̀. Lónìí, ìlànà àjọ NICE ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kí a kọ́kọ́ fi eré yìí tọ́jú obìnrin tí ìtọ̀ rẹ̀ ń jò nígbà tí ó bá sín tàbí tí ó bá gbé ẹrù, lábẹ́ àmójútó, fún oṣù 3 ó kéré tán: kí ó máa fún iṣan náà ní ìgbà 8 ó kéré tán, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni physiotherapist, nọ́ọ̀sì àti dókítà fi ń kẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń sọ ohun tí ń ṣe wọ́n, wọn kì í sì í là á mọ́lẹ̀. Àdàpè ni ọmọlúàbí fi ń sọ̀rọ̀ ibi ìkọ̀kọ̀: “abẹ́”, “ojú ara”, “ìdí”. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí; ìtìjú ló dá a sílẹ̀, ọ̀wọ̀ ló sì mú un dúró. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àdàpè kan lè bo àìsàn mẹ́ta mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ díẹ̀. Bí ìyá kan bá ní “ìdí mi ń yọ”, ó lè jẹ́ ìfun ìsàlẹ̀ ni ó yọ, ó lè jẹ́ ilé ọmọ, ó sì lè jẹ́ ohun tí àwọn ará ilé ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí. Bí ó bá ní “ìtọ̀ ń gbọ̀n mí”, ohun tí ó ń sọ ni pé ìtọ̀ ń lé òun kíkankíkan; èyí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ìtọ̀ tí ń jò nígbà tí a bá húkọ́. Ọ̀rọ̀ náà “iṣan” pàápàá ń tọ́ka sí ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá àti ohun tí ń fún pọ̀ tí ń sì ń nà. Bẹ́ẹ̀ ni “fún”: bí olùtọ́jú bá sọ pé “ẹ fún un”, etí lè gbọ́ ọ bí ẹni pé kí a fún ẹnìkan ní nǹkan. Ó sàn kí ó sọ pé: “Mà, ẹ fún abẹ́ yín pọ̀, kí ẹ sì fà á sókè sínú, bí ìgbà tí ẹ kò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde ní ìdí. Ẹ má ṣe sé èémí, ẹ má sì ṣe tì í síta bí ẹni tí ó ń bímọ.”

Ibi tí ọ̀ràn náà ti le jù ni gbólóhùn “ìtọ̀ ń jò”. Obìnrin tí ìrọbí ti pẹ́ lára rẹ̀ jù lè ní ihò láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara, tí ìtọ̀ yóò fi máa dà tọ̀sán-tòru láìdáwọ́dúró. Eré ìdárayá kò lè dí ihò bẹ́ẹ̀ pa. Iṣẹ́ abẹ ni a sábà máa ń fi dí i. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé gbólóhùn yìí ni: “Ṣé nígbà tí ẹ bá húkọ́ tàbí tí ẹ bá gbé ẹrù ni, àbí kì í dáwọ́ dúró rárá?” Ẹni tí kò bá béèrè é lè fi eré ìdárayá fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣòfò lára ẹni tí ó nílò oníṣẹ́ abẹ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nínú ìwádìí. ICIQ-UI Short Form jẹ́ ìwé ìbéèrè kúkúrú tí a ń lò káàkiri ayé. Ó ń béèrè nípa ọ̀sẹ̀ 4 tó kọjá: báwo ni ìtọ̀ ṣe ń jò léraléra tó, báwo ni ó ṣe pọ̀ tó, báwo ni ó ṣe ń dí ìgbé ayé ẹni lọ́wọ́ tó, àti ìgbà wo ni ó ń jò. Àpapọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́ 0 sí 21. Bí atúmọ̀ bá lo “títọ̀ sílé” nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, “atọ̀ọ́lé” ni yóò sọ sí àgbàlagbà lọ́kàn, orúkọ tí a fi ń dójú ti ọmọdé tí ń tọ̀ sórí ẹní. Ta ni yóò dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí i? Máàkì rẹ̀ yóò kéré, olùwádìí yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ le. Ìdí nìyí tí kò fi tó kí atúmọ̀ kan túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá, kí òmíràn sì dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ kí a jókòó ti àwọn obìnrin fúnra wọn, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ti fi ọ̀nà hàn wá nínú ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. “Ilẹ̀ ìbàdí” jẹ́ àwòkọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò sọ iṣẹ́ tí iṣan náà ń ṣe. Mo dábàá “iṣan agbábẹ́ró”, èyí tí a ṣẹ̀dá láti ara a-, gbé, abẹ́ àti ró: iṣan tí ó gbé abẹ́ ró. Àbá lásán ni títí àwọn agbẹ̀bí, physiotherapist àti àwọn ìyá yóò fi dán an wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka ìṣègùn ní yunifásítì kan náà bá fi ìmọ̀ ṣọ̀kan lórí irú àkójọ bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní ọ̀rọ̀ tí yóò bá aláìsàn sọ láìtàbùkù rẹ̀, aláìsàn náà yóò sì rí ọ̀rọ̀ sọ kí àìsàn tó wọ̀ ọ́ lára.