Lẹ́dà Orí Ọkọ̀ àti Ìpẹtà Abẹ́ Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan mu, àwọn tí a fi lẹ́dà bo òrùlé wọn. Ẹwà ni ojú ń rí lókè. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹwà náà ni ìpẹtà ti ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀, tí olówó ọkọ̀ lè má mọ̀ títí omi òjò yóò fi máa kán sí i lórí.

Kí ni lẹ́dà yìí? Kì í ṣe awọ ẹran rárá. Aṣọ ni, tí a fi ike rírọ̀ tí à ń pè ní fínílì bò lójú, irú èyí tí a fi ń rán ìjókòó ọkọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé ọkọ̀, aṣọ tí ó ṣeé ká ni a fi ń bo orí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Nígbà tí òrùlé irin gbòde, àwọn olówó kò yé fẹ́ràn ìrísí ti àtijọ́. Nítorí náà ni àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí lẹ ìbòrí mọ́ orí irin. Ní ọdún 1956, Cadillac ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé Eldorado Seville jáde pẹ̀lú irú ìbòrí bẹ́ẹ̀. Láàrin ọdún 1960 sí 1980, àṣà náà gbilẹ̀ lára àwọn ọkọ̀ ńlá bíi Ford LTD àti Chevrolet Caprice. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé Nàìjíríà pẹ̀lú, wọ́n sì jẹ́ ọkọ̀ iyì nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni ó ń bá lẹ́dà jà: oòrùn, omi àti ọjọ́ orí. Oòrùn a máa fa èròjà tí ó mú kí ike rọ̀ jáde. Lẹ́dà a gbẹ, a le, a sì sán. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ojú sísán yìí ni omi ń gbà wọlé. Bí omi bá sì ti wọlé tán, kò tún rí ọ̀nà jáde, nítorí lẹ́dà kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́ bọ̀rọ̀. Irin, omi àti afẹ́fẹ́ bá pàdé, ìpẹtà dé nìyẹn. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Òkìtìpupa dé Igbótako àti Òde-Ìrèlè, òjò ń rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, ilẹ̀ náà kò sì jìnnà sí ọ̀sà àti òkun. Ọkọ̀ tí ń sùn sí ìta níbẹ̀ kò ní ìsinmi lọ́wọ́ ọ̀rinrin.

Àmì àrùn náà kò ṣòro láti mọ̀. Bí lẹ́dà bá wú bí ẹni pé iyanrìn wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí bí omi pupa bá ń ṣàn ní ìsàlẹ̀ gíláàsì ẹ̀yìn, ìpẹtà ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí gíláàsì ẹ̀yìn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ, nítorí ibẹ̀ ni omi ń dúró sí.

Bí a bá fẹ́ ṣí lẹ́dà náà kúrò, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. A ó kọ́kọ́ yọ àwọn ọ̀já irin dídán tí ó di etí rẹ̀ mú, a ó sì yọ gíláàsì iwájú àti ti ẹ̀yìn bí lẹ́dà bá wọ abẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà, a ó fi ooru díẹ̀ rọ gọ́ọ̀mù, a ó máa bó o láti etí wá sí àárín. Gọ́ọ̀mù tí ó bá kù ni a ó fi oògùn tí ń yọ ọ́ rẹ, kí a tó fi abẹ pẹlẹbẹ ha á. Kí ẹnikẹ́ni má fi epo bẹntiróòlù ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí iná kò mọ ọ̀gá, kò mọ ọmọ iṣẹ́. Kí a má sì sun lẹ́dà tí a bó, nítorí èéfín rẹ̀ jẹ́ májèlé.

Nígbà tí irin bá hàn síta ni a tó mọ bí ọ̀ràn ti rí. Ìpẹtà tí kò jinlẹ̀ ni a ó fi sáńdípépà ha dànù. Ibi tí ó ti lu ni wẹ́dà yóò gé kúrò, tí yóò sì jó irin titun mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá fi ọ̀dà tàbí lẹ́dà titun bo irin jíjẹrà, ètè ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá.

Ọ̀nà méjì ni ó wá ṣí sílẹ̀. Èkíní ni kí a fi lẹ́dà titun bò ó. A ó kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí irin náà, a ó sàmì sí àárín òrùlé, a ó fi gọ́ọ̀mù pa irin àti ẹ̀yìn lẹ́dà, a ó sì máa tẹ́ ẹ láti àárín lọ sí etí kí afẹ́fẹ́ má bàa há sí abẹ́ rẹ̀. Èkejì ni kí a kun òrùlé bí ara ọkọ̀ yòókù. Ọ̀pọ̀ ń rò pé èyí ni ó rọrùn jù, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kì í sábà dán ojú ibi tí a ti jó òrùlé mọ́ òpó ẹ̀yìn, nítorí wọ́n mọ̀ pé lẹ́dà yóò bò ó. Iṣẹ́ ńlá ni láti dí i kí ó sì jọ̀lọ̀. Síbẹ̀, fún ọkọ̀ tí a óò máa lò lójoojúmọ́ nínú òjò, òun ni ó sàn jù: bí ìpẹtà bá tún yọjú, ojú yóò tètè rí i.

Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n fi ewé ògùrọ̀ bo ilé kò ní kó ewé titun lé orí igi tí ikán ti jẹ. Wọn a ká ògbólógbòó ewé kúrò, wọn a wo igi òrùlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a pààrọ̀ èyí tí ó ti jẹrà. Ọgbọ́n kan náà ni ti ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa tún abẹ́ ṣe kí a tó ṣe òkè lọ́ṣọ̀ọ́.