Nígbà tí Kọ̀ǹpútà kò bá rí Àdírẹ́sì gbà

Nínú ọ́fíìsì kékeré, rútà ni ó sábà máa ń pín àdírẹ́sì IP fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà tí ń lo Windows bá wá a tì, yóò fún ara rẹ̀ ní èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 169.254. Okùn àti rútà ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí àwọn tí ó dé kẹ́yìn nìkan ni kò bá rí gbà, àdírẹ́sì lè ti tán. Fóònù àlejò pàápàá ń gba nínú rẹ̀. Rútà kejì tí ẹnìkan so mọ́ okùn láìsọ ni ó ṣòro mọ̀ jù: òun náà a máa pín tirẹ̀, iṣẹ́ àwọn kan a sì dúró. Ẹ fi nọ́ńbà ẹnu-ọ̀nà kọ̀ǹpútà méjì wé ara wọn. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ yọ okùn rútà àjèjì náà, kí àwọn kọ̀ǹpútà sì tún àdírẹ́sì gbà.