Oníṣẹ́ Abẹ Kò Lè Dá Iṣẹ́ Náà Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí jẹ mọ́ àwọn dókítà tí ń fi abẹ ṣiṣẹ́ lára ènìyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń bẹ̀rù abẹ wọn ju àrùn tí ó wà lára wa lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, kí a lè jọ fi kọ́gbọ́n.

Ní àdúgbò wa ní Máfolúkù, káfíńtà kan wà tí ó ní ìpá ní ìsàlẹ̀ ikùn. Ó ti gbé e rìn fún bí ọdún mẹ́fà. Bí ó bá gbé pákó, yóò yọ síta. Bí ó bá dùbúlẹ̀, yóò padà wọlé. Dókítà ti sọ fún un pé kí ó wá kí wọ́n rán ojú ihò náà. Ó wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ wa ní mọ́sálásí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́: èmi náà wà lára àwọn tí ó ní kí ó ṣe sùúrù, kí ó máa mu àgbo, kí ó má jẹ́ kí wọ́n fi abẹ kan òun. Mo rò pé mo ṣàánú rẹ̀ ni.

Ní òru ọjọ́ kan, ó ti pẹ́ tí a ti kírun Ìṣáì, wọ́n wá kan ilẹ̀kùn mi. Ìpá ti yọ, kò sì padà mọ́. Inú ọkùnrin náà le bí pákó tí ó ń rẹ́. Ó ń bì, ó sì ń làágùn. A gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, a gba Òṣòdì kọjá, a sì gbé e dé ilé ìwòsàn ìjọba kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣàlàyé fún mi pé ìfun rẹ̀ ni ó há sí ojú ihò náà. Ìfun tí ó bá há báyìí, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibẹ̀ mọ́. Láàárín wákàtí mélòó kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú, májèlé rẹ̀ yóò sì máa tàn ká gbogbo ara.

Obìnrin ni dókítà abẹ tí a bá níbẹ̀, kò ju àbúrò mi lọ. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ó ti wà lórí ìdúró. Kò sí irú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà nínú fìríìjì wọn. Àwa mẹ́rin ká apá aṣọ sókè. Ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì ni ó bá a mu. A tún ní láti lọ ra òwú, okùn ìránṣọ ara àti ìbọ̀wọ́ lóde. Bí wọ́n ti ń múra láti bẹ̀rẹ̀, iná lọ. A dúró nínú òkùnkùn títí ẹ̀rọ amúnáwá fi dìde. Dókítà wọlé ní nǹkan bí agogo méjì òru, kò sì jáde títí ó fi kù díẹ̀ kí a pe ìrun Àsùbáà. Ó ti gé ìfun tí ó ti kú sọnù, ó sì ti so ojú méjèèjì tí ó dára pọ̀.

Ọkùnrin náà yè. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin ni kò fi lè gbé ayùn, owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ sì bá iṣẹ́ abẹ náà lọ. Dókítà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó pè mí ní Àlùfáà, ó sì sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin yìí ti wá nígbà tí ìpá ṣì ń wọlé tí ó ń jáde, iṣẹ́ bíi wákàtí kan ni, ó sì lè sun ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò fi bú mi. Ojú ara mi ni ó tì mí.

Èmi wà lára àwọn tí wọ́n máa ń pè láti wẹ òkú ní àdúgbò wa. Ó ti mọ́ mi lára láti máa sọ fún àwọn ọmọ òkú pé àkókò bàbá wọn ni ó tó. Òótọ́ ni pé ọjọ́ ikú kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni wọ́n fi àkókò náà hàn, tí ó fi ń jókòó dè é? Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀kan ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé nǹkan òyìnbó ni kí a máa la ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí ni Abul-Qasim az-Zahrawi, ará ìhà Kọ́dóbà ní ilẹ̀ Sípéènì, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1013. Ó kọ ìwé ńlá kan tí ó ní ọgbọ̀n apá, èyí tí ó gbẹ̀yìn sì dá lórí iṣẹ́ abẹ. Ó ya àwòrán àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé náà, ó sì kọ nípa fífi ìfun ẹran ṣe okùn láti fi rán inú ènìyàn.

Ẹ má sì rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Dókítà kan wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti mú aláìsàn sùn, kí ó máa ṣọ́ èémí rẹ̀, kí ó sì jí i padà. Nọ́ọ̀sì kan ń na irinṣẹ́ sí oníṣẹ́ abẹ, òmíràn ń ka aṣọ ìnu-ẹ̀jẹ̀ kí ọ̀kankan má bàa kù sínú aláìsàn. Ní 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìyẹ̀wò kan jáde tí ó ní ohun 19 tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fẹnu sọ síra wọn: Ta ni aláìsàn yìí? Ibo ni a fẹ́ là? Ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀? Wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ káàkiri ayé. Tẹ́lẹ̀, nínú 1,000 aláìsàn, 15 ni ó ń kú. Ó wálẹ̀ sí 8. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ẹ wo bí ó ti ń pẹ́ tó kí ẹnì kan tó di ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, ọdún kan ní ìkọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn, ọdún kan fún ìsìnrú ìlú, lẹ́yìn náà ó kéré tán ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà lábẹ́ àwọn àgbà, pẹ̀lú ìdánwò lórí ìdánwò. Nígbà náà ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960, tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì ti orílẹ̀-èdè wa ní Ìjàníkin, yóò tó fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 18 yóò ti lé ní 30.

Iṣẹ́ náà sì ń pa òṣìṣẹ́. Ní oṣù September 2023, ọ̀dọ́ dókítà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní LUTH, ní Ìdí-Àràbà, ṣubú lulẹ̀, ó sì kú. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ibẹ̀ kéde pé wákàtí 72 ni ó fi wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó lọ sílé.

Àwa ará Máfolúkù, ẹ̀bá pápá ọkọ̀ òfuurufú ni a ń gbé. Bí ọkọ̀ bá gbéra lóru, páànù orí ilé wa a máa gbọ̀n. Nígbà mìíràn mo máa ń ronú pé dókítà mélòó ni ó wà nínú èyí tí ó ń kọjá yìí? N kò bú wọn. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Òdéku, ọmọ Àwẹ́, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ó kọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ó sì padà wá sí UCH ní Ìbàdàn ní 1962 láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà níbi tí kò ti sí i. Ó kú ní 1974, àwọn tí ó kọ́ sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ìjọba ni ó yẹ kí ó pèsè iná, owó oṣù àti irinṣẹ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ńkọ́, ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí?

Èkíní, tètè lọ. Ìpá, kókó inú ọmú, inú rírun tí ó mú ni lápá ọ̀tún tí kò sì lọ: kò sí ọ̀kan tí ó yẹ kí a fi pamọ́.

Èkejì, fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ ìpọ́njú tó dé. Nǹkan bí 450 mílílítà ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le lè fi sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́rin-mẹ́rin. Nǹkan bí ọjọ́ 35 ni ẹ̀jẹ̀ lè lò nínú fìríìjì; ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá a nígbà gbogbo.

Ẹ̀kẹta, fi orúkọ ilé rẹ sí ètò ìdójútòfò ìlera, irú bí Ìlera Èkó, kí ó má jẹ́ pé òru ni a óò máa ṣa owó jọ lọ́wọ́ aládùúgbò.

Ẹ̀kẹrin, mọ ẹ̀tọ́ rẹ. Òfin ìlera ti 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tí ó wà nínú pàjáwìrì. Òfin ti 2017 sì sọ pé kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, kì báà má mú ìwé ọlọ́pàá wá.

Ẹ̀karùn-ún, má ṣe gbé ọwọ́ sókè sí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó wà lórí ìdúró láti àárọ̀ kì í ṣe ọ̀tá rẹ.

Káfíńtà wa ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tún wá gba ìmọ̀ràn ìpá lọ́dọ̀ mi, mo máa ń bá a ṣàdúà, lẹ́yìn náà mo máa ń mú un lọ́wọ́, a ó sì jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ọ̀sán gangan. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí a rí àgbákò òru. Kí Ó fún ọwọ́ àwọn tí ń tọ́jú wa ní agbára, kí Ó sì jẹ́ kí àwa náà lè dúró tì wọ́n. Àmín.