Ìwọ àti aago nìkan: eré kẹ̀kẹ́ kìlómítà kan (ọ̀rọ̀ ohùn tí a kọ sílẹ̀)

Eré kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ bá wa sọ lónìí. Kẹ̀kẹ́ ológeere o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá. Èyí tí wọ́n ń gùn nínú pápá róbótó tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ bíi ti àwo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Abuja, irú pápá yẹn wà ní sitédíọ̀mù Moshood Abiola.

Oríṣiríṣi eré ló wà níbẹ̀, àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní "kilo". Ẹnì kan ṣoṣo ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó ń lé e, òun náà ò lé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ kan á di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú, aago á máa kà wálẹ̀, tó bá pé, ẹ̀rọ á tú u sílẹ̀, ó di kìlómítà kan. Ní pápá tó jẹ́ mítà 250, ìyípo mẹ́rin nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ò ní bíréèkì, jíà kan ṣoṣo ló sì ní, jíà ńlá. Àtigbéra rẹ̀ le bí ẹni ń ti mọ́tò tó kú.

Ibi tó ti wá dùn rèé. Èèyàn ò lè tọ́jú agbára pa mọ́. Tó o bá rọra ní ìyípo kìíní, o ti pàdánù. Nítorí náà gbogbo wọn ló máa ń fi gbogbo okun gbéra. Tó bá fi máa di ìyípo kẹta, agbára ojú ẹsẹ̀ tó wà nínú iṣan ti ń tán, itan á bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ẹni ta ata sí i. Ní ìyípo kẹrin, kò sẹ́ni tó ń yára sí i mọ́, ṣe ni eré gbogbo wọn ń dín kù. Ẹni tí eré tiẹ̀ bá dín kù kéré jù ló máa ń gbà á. Ṣé ẹ rí i?

Àṣìṣe kékeré ò sì ní àtúnṣe. Ní Atlanta, 1996, Shane Kelly ọmọ Ọsirélíà ni àkọsílẹ̀ àgbáyé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe gbéra báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ lórí pẹ́dà. Ó tán nìyẹn. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi dúró kó tó tún débẹ̀, ní Sydney, bàbà ló sì rí gbà.

Kelly yìí náà wà ní Athens lọ́dún 2004, ó sì sáré dáadáa o, 1:01.224. Stefan Nimke ará Jámánì jáde, ó gé e kúrú. Arnaud Tournant ará Faransé jáde, 1:00.896. Chris Hoy, ọmọ Scotland, ló gbẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ ló sì ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó kẹ́ ẹ jókòó kẹ́ ẹ máa wo irú ìyẹn! Ó gùn ún, 1:00.711. Góòlù. Kelly ṣe ipò kẹrin.

Kò tíì pé ọdún kan tí àwọn aláṣẹ fi yọ eré náà kúrò ní Òlíńpíìkì, torí wọ́n fẹ́ fàyè sílẹ̀ fún BMX. Ti àwọn obìnrin, mítà 500, bá a lọ. Eré tó ti wà níbẹ̀ láti 1928! Èmi ò fara mọ́ ọn rárá, àmọ́ ta ló bi mí? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba góòlù ò tún ní ibi tó ti máa gbèjà ẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún 2007, Hoy lọ sí La Paz ní Bòlífíà, ibi tó ga ju mítà 3,000 lọ sókè òkun. Ibẹ̀ ni Tournant ti sáré 58.875 ní 2001. Kí ló dé tó fi jẹ́ orí òkè? Tí èèyàn bá ń sáré kọjá kìlómítà 60 ní wákàtí, afẹ́fẹ́ ló ń bá jà jù. Lórí òkè, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́, ó rọrùn láti gún kọjá. Ẹnì kan á ní, ṣebí èémí ò tó níbẹ̀? Òótọ́ ni. Àmọ́ eré ìṣẹ́jú kan, ohun tó ti wà nínú iṣan tẹ́lẹ̀ ló ń ná jù, kì í ṣe èémí. Tó bá jẹ́ eré wákàtí kan ni, ìyà á jẹ ẹ́ gan-an.

Hoy gùn ún. 58.880. Ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan ló fi kù! Mo ṣírò ẹ̀: lórí eré yẹn, sẹ̀ntímítà mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni. Ẹ wo ìka àárín yín, bó ṣe gùn mọ nìyẹn. Ìrìn àjò gbogbo yẹn, ìka kan.

Àkọsílẹ̀ Tournant wà níbẹ̀ títí di 2013, tí François Pervis, ará Faransé bíi tiẹ̀, fi sáré 56.303 ní Aguascalientes, Mẹ́síkò. Orí òkè náà nìyẹn. Pápá yẹn kan náà ni Jeffrey Hoogland ará Nẹ́dálándì ti sáré 55.433 ní 2023.

Hoy ní tiẹ̀ kọ́ àwọn eré mìíràn, èyí tí wọ́n ti ń fi èjìká gbún ara wọn. Ní Beijing 2008, góòlù mẹ́ta ló kó. Kilo ṣì wà ní ìdíje àgbáyé lọ́dọọdún, torí náà ẹni tó bá fẹ́ wò ó, ibẹ̀ ni kó lọ. Ẹ wo ìyípo tó gbẹ̀yìn dáadáa, ẹ má wo ojú ẹni tó ń gùn ún, itan rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn sílẹ̀. Ó dàárọ̀ o.