Dọ́là ń wọlé, ọsibítù ò lẹ́rọ: Ọ̀rọ̀ owó táwọn ọmọ Filipínì ń fi ránṣẹ́ sílé látòkèèrè

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Láàárín òru ni fóònù máa dún nílé nọ́ọ̀sì ọmọ Filipínì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Riyadh. Bó bá ti rí nọ́ńbà ilé báyìí, àyà ẹ̀ á já. Wọ́n á ní Màmá ti dákú, wọ́n á ní àwọn ti gbé e dé ọsibítù, àmọ́ dókítà ní kídìnrín ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ò sì sí nílùú àwọn, àfi kí wọ́n máa gbé e lọ sí Manila. Obìnrin yìí, tó jẹ́ pé ìyá àwọn ẹlòmíì ló fi gbogbo ọjọ́ tọ́jú, á dìde jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye tó kù ní báńkì. Kílẹ̀ tó mọ́, owó ti lọ. Àmọ́ ẹ̀rọ tí ò sí nílùú wọn lánàá, kò sí níbẹ̀ lónìí, kò sì ní í sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá ẹlòmíì bá tún dákú.

Ibi tọ́rọ̀ náà ti ta kókó gan-an nìyẹn o. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé àwọn ọmọ Filipínì tó wà lókè òkun ahun ni. Lọ́dún 2024 nìkan, owó tí wọ́n gba ọwọ́ báńkì fi ránṣẹ́ sílé lé ní bílíọ̀nù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n dọ́là. Bí wọ́n bá pín gbogbo ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè ọ̀hún sọ́nà ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi mẹ́jọ níbẹ̀ ló jẹ́ owó táwọn ará òkèèrè fi ránṣẹ́. Oúnjẹ ni wọ́n ń fowó náà rà, iléèwé ni wọ́n ń fi san, òun náà ni wọ́n fi ń kọ́lé, òun náà sì ni wọ́n fi ń sìnkú. Ìbéèrè tó wá wà nílẹ̀ ni pé, ṣé a ò lè rí díẹ̀ yọ nínú owó rẹpẹtẹ yìí, ká fi ra ẹ̀rọ kó tó di pé Màmá dákú?

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìrìn àjò náà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1974, nígbà tí Ferdinand Marcos àgbà wà lórí àlééfà, tí iṣẹ́ ò sí nílé, tí owó epo sì ti sọ ilẹ̀ Lárúbáwá di ibi tówó wà, ni ìjọba Filipínì ṣòfin iṣẹ́ tuntun tó la ọ̀nà fáwọn èèyàn láti lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun. Wọ́n ní fúngbà díẹ̀ ni. Ìgbà díẹ̀ ọ̀hún ti lé láàádọ́ta ọdún báyìí. Nígbà tí àjọ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ wọn, ìyẹn Commission on Filipinos Overseas, ṣírò wọn lọ́dún 2013, wọ́n lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ọmọ-ọ̀dọ̀ wà níbẹ̀, ẹnjiníà wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi náà ò kéré. Lọ́dún 1988, Ààrẹ Corazon Aquino pè wọ́n ní akọni tuntun. Orúkọ náà dùn létí lóòótọ́, àmọ́ orúkọ kì í wo àìsàn.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ ìwòsàn wà lára àwọn tó lókìkí láàárín wọn. Lọ́jọ́ kẹjọ, oṣù Kejìlá, ọdún 2020, nígbà tí wọ́n fún ẹni àkọ́kọ́ lábẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà nílùú Coventry lórílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì ọmọ Filipínì kan tó ń jẹ́ May Parsons ló di abẹ́rẹ́ náà mú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀ mọ irú wọn dáadáa, nítorí wọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n jọ wà. Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ṣàlàyé lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 pé nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún nọ́ọ̀sì, nǹkan bíi mẹ́rin péré ló jẹ́ ọmọ Filipínì, àmọ́ nínú ọgọ́rùn-ún nọ́ọ̀sì tí kòrónà pa, wọ́n lé ní ọgbọ̀n. Ẹ̀mí ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ fún ọlọ́mọ-ọlọ́mọ.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé lásìkò yẹn. Lóṣù Kìíní ọdún 2020, nígbà tí wọ́n fura sáwọn tó kọ́kọ́ ní kòrónà ní Filipínì, kò sí yàrá àyẹ̀wò kan nílé tó lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Melbourne, ní Ọsirélíà, ni wọ́n fi àyẹ̀wò ọ̀hún ránṣẹ́ sí, wọ́n wá ń dúró dè é. Orílẹ̀-èdè tó ń kó nọ́ọ̀sì fún gbogbo ayé ló ń dúró de ẹlòmíì kó sọ fún un bóyá àìsàn ti wọlé. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì ìjọba ibẹ̀, tí Dókítà Raul Destura ṣáájú wọn, ló bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n fi ṣe ohun èlò àyẹ̀wò tiwọn, owó ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fọwọ́ sí i lọ́dún náà gan-an. Ìyẹn fi hàn pé orí pípé ò wọ́n nílé. Owó tí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ ló wọ́n. Owó tí Filipínì ń ná sórí ìwádìí sáyẹ́ǹsì ò tó dọ́là kan nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là tó ń wọlé sórílẹ̀-èdè náà.

Ọ̀rọ̀ ọsibítù náà ò yàtọ̀. Òfin kan tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù Kejì ọdún 2019 ní kí gbogbo ọmọ Filipínì máa rí ìtọ́jú gbà. Síbẹ̀, nínú gbogbo owó táwọn èèyàn ibẹ̀ ń ná sórí ìlera, ó lé ní ogójì nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ pé àpò ara wọn ló ti ń jáde. Ọsibítù àgbà ìjọba tó wà ní Manila, Philippine General Hospital, tí òfin tó dá a sílẹ̀ ti wà láti 1907, làwọn tálákà ń sá lọ láti gbogbo erékùṣù. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2021, iná sọ níbẹ̀ lóru, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń gbé ọmọ tuntun sáré sọ̀ kalẹ̀ nínú èéfín. Kílẹ̀ tó mọ́, àwọn èèyàn ti ń béèrè ibi tí wọ́n lè fi ìrànlọ́wọ́ sí. Kò sẹ́ni tó fipá mú wọn.

Àmọ́ bí wọ́n bá ti fẹ́ fipá gbà á, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹni tó bá ti òkèèrè darí wálé, balikbayan ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. "Balik" ni padà, "bayan" ni ìlú. Páálí ńlá tó máa ń fi ránṣẹ́ sílé, tí ọṣẹ, bàtà, ẹran inú agolo àti ṣokoléètì máa ń kún inú ẹ̀ dẹ́nu, páálí balikbayan lorúkọ tiẹ̀. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2015, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní àwọn fẹ́ máa tú páálí wò, wọ́n láwọn kan ń fi í ṣe fàyàwọ́. Háà! Ariwo sọ láti Hong Kong dé Dubai. Àwọn kan láwọn ò ní í fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan, kí ìjọba lè mọ̀ pé àwọn wà láyé. Ààrẹ Benigno Aquino ló sáré pàṣẹ pé páálí tí ẹ̀rọ bá fura sí nìkan ni kí wọ́n tú.

Lọ́dún 2020, ó tún ku PhilHealth, ìyẹn àjọ adójútòfò ìlera tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1995. Wọ́n ní káwọn ará òkèèrè máa san mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn. Àsìkò tí kòrónà lé ọ̀pọ̀ wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ gan-an ni wọ́n wá sọ ọ́. Inú bí wọn débi pé Ààrẹ Rodrigo Duterte fúnra ẹ̀ ní kó di ti ẹni tó bá wù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, lóṣù Kẹjọ, ni ẹ̀sùn jáde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà pé nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pésò ti bá ọ̀nà ẹ̀bùrú jáde nínú àpò PhilHealth. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ láwọn ò jẹ ẹ́. Lọ́dún 2024, ìjọba tún fẹ́ gba 89.9 bílíọ̀nù pésò nínú àpò kan náà, wọ́n ní àjọ náà ò rí i ná. Bílíọ̀nù ọgọ́ta ti lọ kí ilé ẹjọ́ tó ga jù tó dá wọn dúró lóṣù Kẹwàá. Ẹni téjò bá ti bù jẹ, tó bá rí alángbá, ṣebí á sá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá dárúkọ àpò ìjọba, ọ̀pọ̀ ará òkèèrè á di àpò tiwọn mú.

Ibi tójú wọn bá tó, wọ́n ń ṣe é. Àwọn dókítà tó jáde ní Yunifásítì Filipínì tí wọ́n ń gbé Amẹ́ríkà lẹ́gbẹ́, ìyẹn UPMASA, wọ́n sì ti ń dáwó fún iléèwé àti ọsibítù tó kọ́ wọn níṣẹ́ láti ọdún pípẹ́. Láti 1989 ni Commission on Filipinos Overseas náà ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní LINKAPIL. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nǹkan fún ọsibítù tàbí iléèwé ìlú ẹ̀, ètò náà ló máa so wọ́n pọ̀.

Ẹ gbọ́ ti Diosdado Banatao náà. Wọ́n bí i lọ́dún 1946 nílùú Iguig, àgbẹ̀ tó ń gbin ìrẹsì ni bàbá ẹ̀. Ó kàwé dé Yunifásítì Stanford, ó wà lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ Chips and Technologies sílẹ̀, èyí tí Intel rà nígbẹ̀yìn, ó sì dolówó. Kò fi gbogbo ẹ̀ kọ́lé àrà. Ó ṣe yàrá kọ̀ǹpútà fún iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tóun fúnra ẹ̀ lọ, ó sì ṣáájú àjọ PhilDev tó ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹnjiníà. Ọmọ àgbẹ̀ ló sanwó iléèwé fọ́mọ àgbẹ̀.

Àmọ́ ṣá o, kì í ṣe gbogbo ọrẹ ló ń ṣèèyàn láǹfààní. Àwọn dókítà kan máa ń wálé fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ ojú, wọ́n á gé gẹ̀gẹ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á wọ bàálù padà. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ta ló máa wo ojú egbò lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ? Àwọn mìíràn á kó ẹ̀rọ àlòkù wá láti Amẹ́ríkà. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Filipínì jẹ́ 220. Tí wọn ò bá ní ohun tó ń dín iná kù, ọjọ́ tí wọ́n bá tàn án ni ọjọ́ tó jóná. Èyí tí ò jóná, tí pátì ẹ̀ ò bá sí lọ́jà, inú kọ̀rọ̀ ló máa jókòó sí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́, kó kọ́kọ́ bi ọsibítù léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́, kó sì yọ owó àtúnṣe àti owó ẹni tó máa lò ó mọ́ owó ẹ̀rọ.

Owó náà kì í sì í ṣe owó ńlá. Bí mílíọ̀nù mẹ́wàá èèyàn bá dá dọ́là mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ́dún, ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là nìyẹn. Ká tiẹ̀ ní ẹnì kan péré nínú mẹ́wàá ló dá a, mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là ṣì ni, iye tó lè gbé ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ dé ìlú tó pọ̀. Kódà bí gbogbo wọn bá dá a pé, kò tó dọ́là mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún dọ́là tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Àìrìnpọ̀ ló ń jẹ ejò níyà. Dọ́là tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ránṣẹ́ lóru lẹ́yìn tí àìsàn ti dé, gbèsè ọsibítù ló ń san. Dọ́là tí wọ́n bá kó jọ kí àìsàn tó dé, òun ló ń ra ẹ̀rọ.

Owó nìkan kọ́ ni wọ́n sì lè mú wá. Láti 1975 ni Filipínì ti ní ètò tí wọ́n fi ń pe àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn wálé, Balik Scientist ni wọ́n ń pè é, lọ́dún 2018 ni wọ́n sì sọ ọ́ di òfin tó lágbára. Ìjọba á san owó bàálù, á fún onímọ̀ náà lówó tó máa fi gbéra, kò sì ní í gbowó orí irinṣẹ́ tó bá kó wọlé. Ṣùgbọ́n onímọ̀ tó bá wálé tí ò bá yàrá ìwádìí, ṣé afẹ́fẹ́ ló máa yẹ̀ wò? Ibẹ̀ ni owó àwọn tí ò lè wálé ti wúlò. Ẹnì kan á mú ọpọlọ wá, ẹlòmíì á ra ẹ̀rọ.

Ìjọba náà ní tiẹ̀ láti ṣe. Owó ìdáwó ò gbọ́dọ̀ di àwáwí fún wọn láti dín owó ọsibítù kù, torí owó-orí tí aráàlú ń san ló yẹ kó gbé ẹrù tó wúwo jù. Àpò tí wọ́n bá sì fẹ́ káwọn ará òkèèrè máa dáwó sí, kí wọ́n ya á sọ́tọ̀ kúrò lọ́wọ́ olóṣèlú, kí wọ́n dárúkọ ọsibítù, kí wọ́n dárúkọ ẹ̀rọ, kí wọ́n sọ iye tó jẹ́, kí wọ́n sì fi rìsíìtì hàn. Ọmọ-ọ̀dọ̀ tó yọ dọ́là mẹ́wàá nínú owó oṣù ẹ̀ ní Hong Kong lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ibi tó wọlé sí.

Fóònù ò ní í yé dún lóru. Ìyá á máa darúgbó, ara á máa rẹ̀ ẹ́, ọmọ ò sì ní í sí nítòsí. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ṣe ohun tó yẹ ṣáájú, wọ́n á kàn ní, "Màmá ṣàìsàn o, àmọ́ ọsibítù ìlú wa níbí ló wà, ẹ̀rọ ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀." Nọ́ọ̀sì náà á sì lè padà sùn díẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, nítorí aláìsàn ti ń dúró dè é ní wọ́ọ̀dù.